Ṣé ọkọ̀ ojú irin ló sọ Wásinmi lórúkọ?

Ìbéèrè náà ni pé: ṣé torí pé rélùwéè máa ń dúró sinmi níbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe sítéṣàn àtijọ́ tó wà láàárín Pàpàlántò àti Abẹ́òkúta ní Wásinmi?

Ìtàn yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n n ò gbà á. Wásinmi mìíràn wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lápá Ìkirè, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà irin ò gba ibẹ̀ rí. Láti Ìbàdàn, Ìwó àti Ẹdẹ ló gbà dé Òṣogbo. Orúkọ abà ni irú orúkọ yìí. Bí ẹbí kan bá lọ dá oko síbi tuntun, ohun tí wọ́n ń wá lọ síbẹ̀ ni wọ́n sábà máa fi ń sọ ọ́: Kájọlà, Ìfẹ́lódùn, Wásinmi. Ẹni tí ogun tàbí ìjà ilé ti lé kiri mọ ìdí tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fi wù ú.

Ti rélùwéè ńkọ́? Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó ní 1896, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ojú irin kan ṣoṣo ni, òun náà ni wọ́n ń bá lọ, òun náà ni wọ́n ń bá bọ̀. Nítorí náà, wọ́n ní láti ṣe sítéṣàn kéékèèké sójú ọ̀nà, níbi tí irin ti pínyà, kí ọkọ̀ kan lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí èkejì á fi kọjá. Abúlé tó bá wà nítòsí ni wọ́n ń fi pè é.

Ìdúró yẹn ló ń sọ irú ibẹ̀ di ọjà. Ẹlẹ́kọ, ọlọ́sàn-án, onígúgúrú, gbogbo wọn á rọ́ dé ojú fèrèsé. Èrò á na owó sísàlẹ̀, wọ́n á na ọjà sókè. Bí fèrè bá dún, ẹni tí wọn ò tíì sanwó fún á máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Ohun tí àwọn àgbà ń rántí nìyẹn, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ìtàn ìsinmi ọkọ̀ ti wá.

Ọ̀nà irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 ní sítéṣàn ní Kájọlà àti Pàpàlántò, lẹ́yìn náà ó di Abẹ́òkúta. Kò sí ti Wásinmi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ, ìdílé baálẹ̀ ni kó lọ bá, kì í ṣe òṣìṣẹ́ rélùwéè.