Ṣé ọmọbìnrin ní ìpín nínú ilé bàbá rẹ̀?

Ìbéèrè: Bàbá wa kú láìkọ ìwé ìpíngún sílẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ pé ilé rẹ̀ tó wà ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, kò kàn mí mọ́, torí mo ti relé ọkọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò. Nínú àṣà Yorùbá, ọmọ ní í jogún bàbá, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n á wò. Bó bá jẹ́ orí-òjorí, iye ọmọ ni. Kò sí èyí tó yọ obìnrin sílẹ̀. Kódà láti 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, kóòtù ti gbà pé obìnrin tó jẹ́ àgbà ọmọ lè ṣe olórí ẹbí. (Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn!)

Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà lòdì sí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ akọ-n-bábo rẹ́ ọmọ jẹ. Òun ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dúró lé ní 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, tí wọ́n fi wọ́gi lé àṣà Ìgbò kan tí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún.

Ti ìyá yín ló yàtọ̀: lábẹ́ àṣà, aya kì í jogún ọkọ. Bó bá jẹ́ kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, ọ̀rọ̀ lè yí padà.

Kọ́kọ́ pe ìpàdé ẹbí. Bí wọ́n bá kọ̀, FIDA (ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin) tàbí Legal Aid Council (àjọ ìjọba tó ń ranni lọ́wọ́ nípa òfin) lè bá ẹni tí kò lówó lọ́yà dá sí i. Má fọwọ́ sí ìwé kankan ṣáájú ìgbà náà.