Ẹ bá mi dá sí ilé àwọn òbí mi ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta fún àwọn òbí mi. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ara Màmá le, àmọ́ wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan, wọ́n tilẹ̀ ń ṣìnà nínú ilé lóru. Bíríkìlà ní kí n gbé ìpìlẹ̀ ga, kí n ṣe àtẹ̀gùn márùn-ún. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú òbí. Omi ni bíríkìlà yín ń sá fún, kò sì jẹ̀bi: ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n dagun, àgbàrá ibẹ̀ kì í ṣeré. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn márùn-ún, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ínǹṣì 6, ti di ínǹṣì 30. Gíga ínǹṣì 1 ń fẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn ní ínǹṣì 12, kí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tó lè gùn ún. Ẹsẹ̀ bàtà 30 nìyẹn! Ẹ kọ ojú ilé sí apá òkè, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó ilé. Kí wọ́n la gọ́tà síbẹ̀ láti darí àgbàrá, kí wọ́n fi kọnkéré bo ibi tí ẹsẹ̀ máa gbà. Bí wọn ò bá tíì da ìpìlẹ̀, ẹ dá wọn dúró lónìí.

Balùwẹ̀ ló ń kọ mí lóminú jù. Kí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 36, kó sì máa ṣí síta. Bí Bàbá bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara wọn gan-an ló máa dínà mọ́ ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n. Ọwọ́ òsì wọn ló lágbára. Ògiri tó bọ́ sí òsì wọn bí wọ́n bá jókòó sórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni kí irin ìdìmú wà, ní gíga ínǹṣì 33 sí 36. Búlọ́ọ̀kù oníhò ò lè gbé àgbàlagbà tó rọ̀ mọ́ irin, nítorí náà kí wọ́n rọ kọnkéré kún ihò ibẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Táìlì tó ń dán, ẹ má rà á rárá.

Ti Màmá yàtọ̀. Kí wọ́n lè rí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ láti orí ibùsùn, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti ògiri, kí gílóòbù tó ń tọ́jú iná sára wà níbẹ̀ mọ́jú. Ẹ tẹ́ ibùsùn wọn bó ṣe wà nínú ilé àtijọ́, síbi fèrèsé kan náà. Ojú tó ti mọ́ ibì kan kì í tètè ṣìnà.

Ẹ má fi yàrá kẹta ṣe ti àlejò. Ẹ kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tiwọn, kí ẹni tó ń tọ́jú wọn lè gbọ́ ìpè òru.