Ìrìn Tó Gbé Ṣúgà Sókè, Ìrìn Tó Fà Á Wálẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹni ọdún 61, Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ní àtọ̀gbẹ. Oògùn metformin àti glimepiride ni mo ń lò, alẹ́ ni mo sì máa ń lo méjèèjì. Láìpẹ́ yìí, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ní ìjọ lọ gun òkè Ìdànrè láàárọ̀, láìjẹun. Ṣúgà mi jẹ́ 128 kí a tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a máa fi dé òkè, ó ti di 176. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rìn fún wákàtí kan gbáko ní ìrọ̀lẹ́, mo jẹ ẹ̀kọ kan ṣoṣo, mo lo oògùn mi, mo sì sùn. Bí aago méjì òru ni mo jí, òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọmọ mi wọn ṣúgà mi, ó jẹ́ 58. Ṣé kí n máa rìn ni, àbí kí n jókòó jẹ́ẹ́?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, a kí yín kú ewu. Ẹ máa rìn, ṣùgbọ́n ṣúgà tó gòkè lórí Ìdànrè kọ́ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù, èyí tó já wálẹ̀ lóru ni.

Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600, ẹni tí kò ní àìsàn kankan pàápàá ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí rẹ̀. Bí ara bá ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀, yóò tú adrenaline, ìyẹn èròjà tí ara ń pèsè nígbà wàhálà, sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó máa ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó kó ṣúgà tó ti fi pa mọ́ jáde, kí iṣan lè rí nǹkan lò. Nígbà mìíràn, ohun tí ẹ̀dọ̀ kó jáde máa ń ju ohun tí iṣan lè lò lọ, ìdí nìyẹn tí òǹkà fi gòkè. Bí ẹ bá ti sinmi tí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ó ti ń padà sílẹ̀.

Ti òru ọ̀sẹ̀ kejì yẹn ni ká mú ní òkúnkúndùn. Iṣan tó ti ṣiṣẹ́ kì í dẹ́kun gbígba ṣúgà nígbà tí ẹ bá bọ́ bàtà. Ó máa ń wá bí yóò ṣe dí ohun tó ti ná, èyí sì lè máa lọ bẹ́ẹ̀ títí di wákàtí 24. Glimepiride ní tirẹ̀ ń mú kí ara tú insulin, èròjà tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, jáde, yálà oúnjẹ wà nínú tàbí kò sí, bákan náà ni oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn tó ń jẹ́ glibenclamide. Ìrìn wákàtí kan, ẹ̀kọ kan, àti oògùn yẹn lálẹ́: mẹ́ta pàdé lórí ẹnì kan ṣoṣo. Metformin nìkan kì í sábà fa irú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wọn ṣúgà yín kí ẹ tó jáde. Mo mọ̀ pé strip tí a fi ń wọn ṣúgà ti wọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rìn ló tọ́ kí ẹ ná an sí. Bí ó bá wà lábẹ́ 90, èyí tí ẹ̀rọ mìíràn ń pè ní 5, ẹ kọ́kọ́ jẹ nǹkan díẹ̀. Bí ó bá ju 250 lọ tí ara yín kò sì yá, ẹ jókòó lọ́jọ́ yẹn. Bí ó bá ti já sísàlẹ̀ 70, ẹ jẹ ṣúgà oníhóró (cube) mẹ́rin tàbí ẹ mu ìdajì ìgò mínírà oníṣúgà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé bí ẹ bá dákú, kí wọ́n má ṣe da oyin tàbí omi sí yín lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ.

Ní tèmi, ìrìn ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, dára fún yín ju Ìdànrè ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Ìrìn ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn iyán ọ̀sán pàápàá kì í ṣe kékeré. Ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka, kí ẹ sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò bí ẹ bá délé, torí àtọ̀gbẹ máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, òkúta á sì ti géni kéèyàn tó mọ̀.

Ẹ má ṣe dín oògùn kù fúnra yín. Ẹ kọ òǹkà 58 yẹn, aago rẹ̀ àti ohun tí ẹ jẹ sínú ìwé, ẹ gbé e lọ bá dókítà yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bi í bóyá glimepiride yẹn yẹ kó kúrò ní alẹ́ sí ìdí oúnjẹ àárọ̀. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ ìyẹn náà. Títí ẹ ó fi rí i, ẹ fi ìrìn yín sí òwúrọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má fi oúnjẹ alẹ́ du ara yín, kí ẹ sì fi ṣúgà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó o.