Ẹ Bi Wá: Ṣé Ọmọ Bàbá Kan Náà Ni Gbogbo Àwọn Nguyễn?

Kajú ló ń so Òṣogbo pọ̀ mọ́ Vietnam báyìí, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń so ìyókù. Orúkọ kan ló wá ń dààmú àwọn òǹkàwé wa. A kó lẹ́tà wọn jọ sójú kan lóṣù yìí.

Kajú là ń tà. Ìwé tí oníbàárà wa fi ránṣẹ́ láti Vietnam, èèyàn mẹ́rin ló fọwọ́ sí i, Nguyen ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ọ̀gá mi ní ẹbí kan ló ni ilé-iṣẹ́ náà. Èmi ò gbà. Ta ló jàre?
*Akọ̀wé oníkajú, Ìgbọ̀nà*

Ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n ẹ rọra sọ ọ́ fún ọ̀gá yín o.

Tí a bá ka ọgọ́rùn-ún ọmọ Vietnam, ó máa ń tó 30 sí 40 nínú wọn tó ń jẹ́ Nguyễn. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ ogún tí kò sì ní Nguyễn kankan, ìyẹn gan-an ló yẹ kó ya ọ̀gá yín lẹ́nu. Trần, Lê àti Phạm ló tẹ̀ lé e, wọn ò sì sún mọ́ ọn.

Orúkọ tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ dì mú. Nínú Nguyễn Văn Hùng, Nguyễn ni orúkọ ìdílé, òun ló ń ṣíwájú. Văn tó wà láàárín máa ń jẹ́ ti ọkùnrin, bí Thị ṣe jẹ́ ti obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òbí ìsinsìnyí ò fi bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ní méjèèjì mọ́. Hùng ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i, òun náà ni gbogbo èèyàn fi ń pè é, àní lọ́fíìsì. “Ọ̀gbẹ́ni Hùng” lẹ máa kọ sórí lẹ́tà. Tí ẹ bá kọ “Ọ̀gbẹ́ni Nguyen”, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kàn máa wo ara wọn lójú ni. Nínú ìwé yín, ẹ kọ orúkọ náà tán pátá, kí ẹ fi ipò rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tì í, torí Nguyễn Văn Hùng fúnra rẹ̀ pọ̀ bí èèrà.

Tí wọn kì í bá ṣe ẹbí, báwo ni orúkọ kan ṣe gba gbogbo ìlú?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Baálẹ̀*

Láti Ṣáínà ni orúkọ náà ti wá. Ìjọba Ṣáínà jẹ gàba lórí ìhà àríwá Vietnam fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, kí Ngô Quyền tó fọ́ ọkọ̀ ogun wọn túútúú lójú odò Bạch Đằng lọ́dún 938. Àṣà kí orúkọ ìdílé máa ṣíwájú orúkọ ẹni wà lára ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ Nguyễn nígbà náà ni 阮. Ruan ni wọ́n ń pè é ní Beijing, Yuen ni ti Hong Kong.

Ìjà ààfin ló wá sọ ọ́ di púpọ̀. Lọ́dún 1225, ìdílé Trần gba adé lọ́wọ́ ìdílé Lý. Lọ́dún 1232, Trần Thủ Độ, ẹni tó ń darí ìjọba lẹ́yìn ọba, pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Lý di Nguyễn. Àlàyé tó ṣe ni pé bàbá ńlá àwọn Trần ń jẹ́ Trần Lý, kò sì yẹ kí ará ìlú máa la orúkọ náà mọ́lẹ̀. Ìyàwó ilé tí kì í pe àna rẹ̀ lórúkọ yóò tètè lóye ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìṣe olóṣèlú á rí i pé wọ́n fẹ́ kí aráyé gbàgbé ẹni tó ti jọba rí ni.

Lọ́dún 1592, ó kan àwọn Mạc. Wọ́n pàdánù Thăng Long, ìyẹn Hanoi òní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn sì bọ́ orúkọ náà dànù bí ẹ̀wù tó gbiná. Àwọn kan nínú wọn di Nguyễn. Ẹni tó ti rí bí Fábùnmi ṣe ń di Jésùbùnmi láàárín ìran méjì ò nílò kí a ṣàlàyé púpọ̀: orúkọ tí kò bá rọgbọ mọ́, èèyàn á pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó di 1802, Nguyễn Phúc Ánh gun orí ìtẹ́, ó ń jẹ́ Gia Long, ó sì fi Huế ṣe olú ìlú. Ìdílé rẹ̀ ló wà níbẹ̀ títí Bảo Đại, ọba tó gbẹ̀yìn nínú wọn, fi gbé adé sílẹ̀ lọ́dún 1945. Orúkọ tí àwọn kan ti fi sá pamọ́ sí wá di orúkọ ọba, wọ́n sì ń fi í ta èèyàn lọ́rẹ. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Huỳnh Tường Đức sin Gia Long débi pé wọ́n fi orúkọ ọba dá a lọ́lá. Nguyễn Huỳnh Đức ni ìtàn mọ̀ ọ́n sí.

Ibi tó ti máa ń ṣi èèyàn lọ́nà rèé: ọmọ ọba gan-an lè má kọ Nguyễn sínú ìwé rẹ̀ rárá. Minh Mạng, ọmọ Gia Long tó jọba tẹ̀ lé e, kọ ewì ogún ọ̀rọ̀ fún àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀. Ìran kọ̀ọ̀kan ń mú ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ sórí orúkọ, ní títẹ̀léra: Miên, Hồng, Ưng, Bửu, Vĩnh, Bảo, títí lọ. Vĩnh Thụy ni orúkọ àbísọ Bảo Đại, nítorí náà ìran karùn-ún ni. Tí ẹ bá pàdé ẹnì kan ní Paris tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bửu tàbí Vĩnh, tàbí obìnrin tí Tôn Nữ wà nínú orúkọ rẹ̀, òun ni kí ẹ bi léèrè ọ̀rọ̀ ààfin Huế. Ẹ fi Ọ̀gbẹ́ni Hùng oníkajú sílẹ̀.

Báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń pè é? Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.
*Olùkọ́, Alékúwodò*

Sílébù kan ni. “Ní-gú-yẹn” ò sí nínú èdè wọn. Ìró tó ń yọ àwọn òyìnbó lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ọmọ Yorùbá ti ní in lẹ́nu: ìró ń tó wà nínú “Bàbá ńkọ́?” Ẹ pe “ńkọ́”, kí ẹ dúró kí k tó jáde. Ẹ̀yìn ahọ́n ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, imú nìkan ni ohùn ń gbà. Láti ibẹ̀, ẹ bọ́ sí “wíẹn” lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kí èèyàn sinmi lẹ́yìn ń, tàbí kó ti g bọ àárín. Kíá ló ti di sílébù méjì.

Ó ku ohùn. Tiwa jẹ́ mẹ́ta. Ti Hanoi jẹ́ mẹ́fà, ti gúúsù jẹ́ márùn-ún. Fìlà ṣóńṣó orí ê, ti fáwẹ̀lì ni. Àmì tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ lórí fìlà náà ni ti ohùn: ará Hanoi á gbé ohùn sókè, yóò já a díẹ̀ ní ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni tí òsúkè mú, yóò sì tún gbé e sókè. Ará Saigon kì í já tirẹ̀. Ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó gbé e sókè, n ìparí rẹ̀ sì máa ń jọ ng.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ náà nípa àmì ìsàlẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́kọ́ fi lẹ́tà Róòmù kọ èdè Vietnam, bíi tiwa. Ìwé atúmọ̀ èdè tí Alexandre de Rhodes ṣe jáde ní Rome lọ́dún 1651. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún àmì yẹn. Lọ́dọ̀ wa, ó ń sọ e di ẹ. Lọ́dọ̀ wọn, ohùn tó wálẹ̀ tó sì gé lójijì ló ń fi hàn, fáwẹ̀lì ò yí padà. Ph sì ni f, nítorí náà ìró “fam” ló wà nínú Phạm.

Ẹni tó bá rí “Osogbo” lára pátákó láìsí àmì kankan mọ ohun tójú Nguyễn ń rí nínú ìwé ìrìnnà: ó ń di Nguyen lásán. Ìgbà yẹn ló ń dàpọ̀ mọ́ Nguyên, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Võ Nguyên Giáp, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun Faransé ní Điện Biên Phủ lọ́dún 1954, kì í ṣe Nguyễn. Võ ni ìdílé rẹ̀.

Ṣé ìyàwó máa ń gba orúkọ ọkọ?
*Aránṣọ, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun*

Rárá. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló máa jẹ́ títí ayé, orúkọ ọkọ ló sì wọ́pọ̀ fún àwọn ọmọ. Tí ọkọ bá ń jẹ́ Trần tí ìyàwó ń jẹ́ Nguyễn, ẹ má rò pé kò fẹ́ ẹ níṣu lọ́kà.

Ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston ní bí òun bá pe Nguyen ní yàrá ìdúró, èèyàn mẹ́ta ló ń dìde. Kí ló kó wọn jọ síbẹ̀?
*Ìyá Nọ́ọ̀sì, Òkè-Fìà*

Ogun ló kó wọn dé. Saigon, olú ìlú Gúúsù Vietnam nígbà náà, ṣubú sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun àríwá ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1975, ó sì lé ní 120,000 èèyàn tí Amẹ́ríkà gbà lọ́dún yẹn nìkan. Àwọn tó fi ọkọ̀ ojú omi sá tẹ̀ lé wọn láti ìparí àwọn ọdún 1970 lọ. Ìjọba kọ́kọ́ fọ́n wọn káàkiri, ṣùgbọ́n ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àti ọjà oúnjẹ ìlú rẹ̀ níbì kan á kó lọ síbẹ̀. California ni wọ́n pọ̀ sí jù, Texas ló tẹ̀ lé e. Ẹ wo bí orúkọ náà ṣe gòkè nínú ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà: ipò 229 ló wà lọ́dún 1990, ó di 57 ní 2000, ó di 38 ní 2010, ìgbà tí wọ́n ka 437,645 èèyàn tó ń jẹ́ ẹ. Ọmọ yín yóò tún rí i pé àwọn ló pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìtọ́jú èékánná. Lọ́dún 1975, òṣèré fíìmù Tippi Hedren lọ sí àgọ́ àwọn asásàlà kan nítòsí Sacramento. Èékánná rẹ̀ wu àwọn obìnrin ibẹ̀, ó sì mú ẹni tó ń bá a tún un ṣe wá láti kọ́ bí ogún nínú wọn ní iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́ ẹlòmíì, ẹlòmíì kọ́ ẹlòmíì.

Ní Ọsirélíà, Cabramatta ní Sydney àti Footscray ní Melbourne ni kí ẹ wá wọn sí. Ní Faransé, tó ti ṣàkóso Vietnam rí, àwọn kan ti débẹ̀ tipẹ́ kí ogun yìí tó dé.

Ọ̀nà mìíràn ni ti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Àdéhùn ìjọba sí ìjọba ló gbé wọn lọ. Ìlà-Oòrùn Jámánì fọwọ́ sí tirẹ̀ lọ́dún 1980, nígbà tó sì fi máa di 1989, bí 60,000 òṣìṣẹ́ Vietnam ló wà níbẹ̀. Czechoslovakia náà gba tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí Nguyen fi wà lókè pátápátá láàárín orúkọ àjèjì ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Níbẹ̀, ẹ lè rí obìnrin tí wọ́n kọ Nguyenová fún, torí èdè Czech máa ń fi -ová kún orúkọ obìnrin.

Tí ọmọ yín bá fẹ́ mọ ìhà tí ẹnì kan ti wá, kó fi Nguyen sílẹ̀, kò lè sọ nǹkan kan fún un. Kó wo àwọn tó ń jẹ́ Huynh. Hoàng ni orúkọ náà ní àríwá. Ní gúúsù, wọ́n yí i sí Huỳnh kí wọ́n má baà pe orúkọ Nguyễn Hoàng, olórí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso apá ibẹ̀ lọ́dún 1558. Bẹ́ẹ̀ náà ni Vũ ṣe di Võ. Huynh àti Vo tó kún Houston ń sọ fún wa pé gúúsù ni ọ̀pọ̀ wọn ti sá wá.

Mo fi owó ránṣẹ́ sí Nguyen Thi Lan fún oníbàárà mi, wọ́n dá a padà. Mo kọ Nguyen sí àyè orúkọ àkọ́kọ́, Lan sí orúkọ ìdílé.
*Oníkọ̀ǹpútà, Ọláìyà*

Ẹ ti gbé e dojú dé, ẹ sì tún gbé Thi jù nù. “Orúkọ àkọ́kọ́” lórí fọ́ọ̀mù kì í ṣe èyí tó ṣíwájú nínú ìwé wọn. Bí àyè bá jẹ́ méjì, NGUYEN lọ sí orúkọ ìdílé, THI LAN méjèèjì sí orúkọ àbísọ. Bí àyè bá jẹ́ kan, bí wọ́n ṣe tò ó ní báńkì wọn ni kí ẹ tò ó: NGUYEN THI LAN, lẹ́tà ńlá, láìsí àmì. Ẹ má yọ ti àárín, torí Nguyen Lan nìkan lè bá ọgọ́ọ̀rọ̀ àkáǹtì mu.

Kí ẹ tó fi owó sọ́nà, ẹ ní kó ya ojú ìwé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ wo ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá:

P<VNMNGUYEN<<THI<LAN

VNM ni orílẹ̀-èdè. Ohun tó wà láàárín rẹ̀ àti ọfà méjì ni orúkọ ìdílé. Ohun tó tẹ̀ lé ọfà méjì náà ni orúkọ àbísọ, ọfà kan ló sì ń pín wọn. Ẹ fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wé ohun tí ẹ tẹ̀. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni obìnrin náà ń gbé, ó ṣeé ṣe kó ti yí i po sí Lan Thi Nguyen tàbí Lan T. Nguyen, nítorí náà ẹ bi í bí báńkì rẹ̀ ṣe kọ ọ́.

Ṣé Nguyễn lè fẹ́ Nguyễn?
*Bàbá Àgbà, Ayétòrò*

Wọ́n ń fẹ́ra wọn dáadáa, sà. Òfin wọn ka ìfẹ́ láàárín ẹbí tí kò tíì kọjá ìran mẹ́ta léèwọ̀, orúkọ kọ́ ló ń wò. Àwọn àgbà kì í sì í dá dúró lórí orúkọ. Bí ẹ̀yin náà ṣe máa béèrè agbo ilé àti oríkì orílẹ̀ kí ẹ tó gbé ìdí ìyàwó, àwọn á béèrè abúlé tí bàbá ti wá, wọ́n á sì ṣí *gia phả*, ìwé ìdílé tí wọ́n to orúkọ gbogbo ìran sí láti orí ẹni tó tẹ ìdílé dó. Tí ìwé náà bá ti sọnù sínú ogun, wọ́n á béèrè ọjọ́ tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìrántí bàbá ńlá náà. Bí ọjọ́ bá bára mu tí abúlé sì jẹ́ ọ̀kan, wọ́n á dá ọ̀rọ̀ náà dúró ná.