Kí ni iyọ̀ ń wá lójú ìjà sumo?

Àbúrò wa kan lọ wo ìdíje sumo, ìjàkadì ilẹ̀ Japan, ní gbọ̀ngàn Kokugikan, ní Tokyo. Ẹni tó ń mú wọn kiri ní torí kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ làwọn oníjàkadì ṣe ń fọ́n iyọ̀ sílẹ̀. Àbúrò wá bi mí pé ṣé òótọ́ ni.

Irọ́ ni o! Àlàyé yìí máa ń bí mi nínú, torí ẹni tó bá tètè dé ibẹ̀ kò jẹ́ sọ ọ́. Àárọ̀ làwọn ọmọ ẹ̀yìn ti ń jà lórí pèpéle amọ̀ yẹn, iyọ̀ kì í sì í sábà kan ọwọ́ wọn. Ó di ọ̀sán, tó bá kan àwọn tó wà ní ipò méjì tó ga jù nínú mẹ́fà, àwọn tó ń gbowó oṣù, kí ẹ tó rí i. Àbí ẹsẹ̀ àwọn kékeré kì í yọ̀ ni?

Ojúbọ ni pèpéle yẹn. Bí ìdíje bá ku ọ̀la, àwọn adarí ìjà á wọ ẹ̀wù àwòrò Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan, wọ́n á sì ri iyọ̀, ìrẹsì fífọ̀, ewéko òkun àtàwọn nǹkan mìíràn mọ́ àárín rẹ̀. Ọjọ́ 15 gbáko, orí ẹbọ yẹn ni wọ́n ń jà. Òrùlé tó rọ̀ sókè lórí wọn náà, ti ilé òrìṣà Shinto ni. Ọdún 1952 ni wọ́n yọ òpó mẹ́rin tó gbé e ró, kí èrò lè ríran.

Iyọ̀ ni wọ́n fi ń wẹ irú ibẹ̀ mọ́. Ará Japan tó bá ti ibi ìsìnkú dé a máa wọ́n ọn sára kó tó wọlé. Ẹ má fi iyọ̀ ìsọmọlórúkọ wé e o: adùn là ń fi tiwa tọrọ, èérí ni wọ́n ń fi tiwọn lé. Omi táwọn oníjàkadì fi ń yọ ẹnu, ilẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá kìì, ọ̀nà kan náà ni.

Lóòótọ́, nígbà tí oníjàkadì Mizutoizumi, tó gba ife-ẹ̀yẹ oṣù Keje 1992, ṣì ń jà, ó máa ń sọ ìkúnwọ́ ńlá sókè, èrò á sì hó yèè. Ṣùgbọ́n mo rí ọ̀kan tó wé báńdéèjì mọ́ orúnkún: ó bu iyọ̀, ó kọ́kọ́ fi ra orúnkún náà, kó tó fọ́n ìyókù. Ṣé báńdéèjì ló ń yọ̀?

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ làwọn amọ̀nà ìsinsìnyí ń kó èrò dé, fóònù lọ́wọ́ kálukú, ọ̀pọ̀ ìjà sì ti parí. Tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ náà ni ti ìrọ̀lẹ́. Àbúrò, tètè lọ.