Ọ̀nà tí omi máa gbà jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ fi yẹ̀pẹ̀ sé odò kékeré ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yín, kí àwọn ọmọ lè máa tukọ̀ níbẹ̀, kí àlejò sì máa dẹ ìwọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ wá ń béèrè bí dáàmù ọ̀hún ṣe gbọ́dọ̀ ga tó. Gíga yẹn lèmi náà gbájú mọ́, òun ló sì sọ dáàmù di dààmú fún mi.

Lọ́nà Ìdó, n'Ìbàdàn, ni tèmi wà. Ó ga jù mí lọ, kátápílà ló kì í. Páìpù ìnṣì 6 kan ṣoṣo ni mo rì sínú rẹ̀, pé omi á máa gba ibẹ̀ jáde. Ọdún méjì la fi gbádùn ẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tó sọ Ìbàdàn di òkun dé. Kí ni páìpù fẹ́ ṣe sí irú omi yẹn? Omi gun orí yẹ̀pẹ̀, ó wá ibi tó rẹlẹ̀ jù, ó ń bù ú bí ẹni ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ. Nígbà tí mo fi máa tan tọ́ọ̀ṣì débẹ̀, mọ́tò lè gba ojú ihò náà kọjá. Ẹja lọ, ọkọ̀ lọ. Oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò mi nísàlẹ̀ náà lọ, èmi ni mo sì san owó ẹ̀.

Nígbà tí mo máa tún un ṣe, ẹ̀gbẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbẹ́ ojú ọ̀nà omi sí, lórí ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá, kì í ṣe lórí yẹ̀pẹ̀ tí a kó jọ. Ó fẹ̀ dáadáa, ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 3 rẹlẹ̀ ju orí dáàmù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn la wá ha gbogbo ilẹ̀ dúdú àti gbòǹgbò kúrò, a gbẹ́lẹ̀ títí a fi kan amọ̀, a sì ń da yẹ̀pẹ̀ dáàmù sí i, à ń kì í ní ìpele ìpele nígbà tó ṣì tutù díẹ̀. Ẹ má gbin igi sórí ẹ̀ o, gbòǹgbò á là á. Akàn náà ń dá ihò sí i, torí náà mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ lásìkò òjò.

Ọ̀rọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ọmọ àbúrò mi lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kò pẹ́ púpọ̀ tó fi ń tọ ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀sí ajá ni. Ìgbín wẹ́wẹ́ inú omi tó dúró sójú kan ló ń gbé kòkòrò ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ọkọ̀ àti ìwọ̀ nìkan ni lọ́dọ̀ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ tó ń da omi òjò sínú odò yín, báwo ló ṣe tóbi tó? Ẹ rìn ín yíká ná, ká tó sọ̀rọ̀ gíga.