Ẹ Bi Àǹtí: Ṣé Aṣọ Ni Àbí Iṣẹ́ Ọnà?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ọdún kẹfà rèé. Oṣù tó kọjá mo kó iṣẹ́ mẹ́rin lọ sí gálárì kan l'Ékòó, ọ̀kan nínú wọn, Ìbàdàndùn ni, ọnà àdìrẹ tí òpó gbọ̀ngàn Mapo máa ń wà nínú ẹ̀, àmọ́ mo yọ òpó Mapo kúrò níbẹ̀ mo fi òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì rọ́pò. Ọ̀gá ibẹ̀ wò wọ́n, ó ní wọ́n rẹwà o, ṣùgbọ́n aṣọ nìyí, iṣẹ́ ọnà làwọn ń tà, kí n gbé e lọ sọ́jà. Mo sunkún nínú dánfó. Ṣé òótọ́ ló sọ ni? – Aláró Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹkún inú dánfó yẹn, èmi náà ti sun ún rí, kì í pààyàn.

Ta ló sọ fún un pé aṣọ ò lè jẹ́ iṣẹ́ ọnà? Tiwa tẹ́lẹ̀, ọnà ni ọnà ń jẹ́, ì báà wà lára ìkòkò, ì báà wà lára ilẹ̀kùn àbí lára aṣọ. Mo jókòó ti ìyá aládìrẹ kan l'Óṣogbo nígbà kan láti àárọ̀ títí dọ̀sán, ìyẹ́ adìẹ kan ṣoṣo ló fi ń fa ìlà, ó ń kì í bọ inú ẹ̀kọ láfún tó ti sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, kò fi pẹ́ńsùlù ya nǹkan kan sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ orí ló ti ń wá. Ìgbà tí ẹ̀kọ yẹn gbẹ ló wá ri aṣọ bọ ìkòkò aró, ó fà á jáde, mo rí i pé àwọ̀ ewé ni, mo ní ah, ó ti bàjẹ́, àṣé kò ì tíì rí atẹ́gùn ni, kí n tó ṣẹ́jú ó ti ń di búlúù lójú mi báyìí. Ó rì í, ó sá a, ó tún rì í, mi ò ka iye ìgbà mọ́. Ibi tí ẹ̀kọ wà, aró ò débẹ̀. Ẹni tó bá rí ìyẹn tó ṣì ń pè é ní aṣọ lásán, ojú ló ń dùn ún.

Ṣé o mọ Mama Nike, Nike Davies-Okundaye, oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ yẹn? Ògìdì ní Ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n bí wọn sí lọ́dún 1951, inú ẹbí ni wọ́n ti kọ́ aṣọ híhun, Òṣogbo sì ni orúkọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè. Lọ́dún 1974 wọ́n wà lára àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà tó lọ sí Maine l'Ámẹ́ríkà, 1983 ni wọ́n dá ibùdó iṣẹ́ ọnà wọn sílẹ̀ l'Óṣogbo, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Gálárì ńlá tó wà ní Lẹ́kí yẹn náà, tiwọn ni. Àdìrẹ yìí kan náà ló gbé wọn débẹ̀ o. Ọnà inú àdìrẹ náà ni wọ́n tún máa ń yà sórí kánfáásì.

Àmọ́ jẹ́ kí n bá ẹ sòótọ́. Ṣé ńṣe lo ká iṣẹ́ yẹn sínú náílọ́ọ̀nù gbé e lọ? Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni. Tó o bá ká a bí ìró, ìró ni wọ́n máa rí. Na aṣọ yẹn mọ́ fírémù, kọ orúkọ ẹ àti ọdún sí i, sọ ọ́ lórúkọ, má sì ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún oníyádì kankan. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á. Àwọn ìyá tó ya Mapo sórí aṣọ, ohun tó ga jù nílùú lójú tiwọn ni wọ́n yà, ìwọ náà ya èyí tó ga jù lójú tìẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, gálárì kan gba àwòrán mi márùn-ún láti ọdún tó kọjá, wọ́n láwọn ti ta méjì, mi ò tíì rí kọ́bọ̀. Tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní ọ̀gá ti rìnrìn àjò. – Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà mà. Ìwé wo lẹ jọ fọwọ́ sí? Tí kò bá sí, ẹ kọ lẹ́tà lónìí, ẹ to orúkọ iṣẹ́ máràrùn-ún síbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò wọn, ẹ béèrè owó méjì tí wọ́n láwọn ti tà, ẹ sì gba mẹ́ta tó kù padà. Ti ọjọ́ mìíràn, kí iṣẹ́ tó kúrò nílé yín, ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé iye tí wọ́n máa tà á, iye tó jẹ́ tiwọn (ìdá 40 sí 50 nínú 100 ló wọ́pọ̀, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu), iye ọjọ́ tí owó máa fi dé lẹ́yìn títà, àti ẹni tó máa sanwó tí òjò bá pa á. Ẹ̀rín ọ̀gá kì í ṣe rísíìtì jàre.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé dandan ni kéèyàn ka iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì? – Ọmọ Ọ̀ṣun

ÌDÁHÙN: Rárá. Ẹ wo Peju Alatise, oníṣẹ́ ọnà ni, àmọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé ló kà ní yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dún 2017, ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa ní àyè tirẹ̀ ní Biennale Venice, àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní Ítálì, iṣẹ́ ẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ tó ní ìyẹ́, látinú ìtàn ọmọ ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó máa ń lálàá pé òun ń fò. Lọ́dún 2021 ó tún padà sí Venice, lọ́tẹ̀ yìí sí ti àwọn ayàwòrán ilé, ilẹ̀kùn ló gbé lọ, ó pè é ní Alásírí. Ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ yẹn ò kúkú ṣòfò.

Aláró Ìbàdàn, fọ́tò òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn dà? Fi ránṣẹ́ sí mi, kó o sì kọ iye ẹ̀ sí i.